Ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì: bí ilé géèmù wa ṣe kọ́ láti máa pààrọ̀ súwíìṣì

Ẹ dákun, ta ló rántí ìró bọ́tìnnì nínú ilé géèmù? Ọ̀sán Sátidé, ọmọ méjì lórí bẹ́ǹṣì, Tekken lójú tẹlifíṣọ̀n, àwọn mẹ́wàá yòókù dúró sẹ́yìn wọn, wọ́n ń pariwo bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń lù.

Ìtàn ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Thread gígùn ni o. Ẹ lọ po gààrí yín wá, ẹ jókòó. 🧵

Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Ọdún mẹ́rin gbáko, a ka ogun, a ka ọba, a ka òwò ẹrú, a ka ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni dárúkọ ilé géèmù. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ owó ilé géèmù ni wọ́n fi ra ìwé tí mo fi ka gbogbo ìyẹn, torí iṣẹ́ tí bọ̀ọ̀dá mi ń ṣe ní Elegbeka nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Elegbeka: ìlú kékeré ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ̀n. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Yàrá kan ni ilé géèmù bọ̀ọ̀dá mi: PS2 méjì, tẹlifíṣọ̀n méjì, bẹ́ǹṣì méjì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Ṣé ẹ ti ń rí i lójú yín?

Ó dáa. Ká lọ sẹ́yìn díẹ̀ ná.

Súwíìṣì ni ohun tó ń so ọ̀nà iná pọ̀ tàbí tó ń já a. Èyí tó wà lára ògiri yín náà, súwíìṣì ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì ẹ̀rọ géèmù ńlá, tí wọ́n ń pè ní microswitch, ọgbọ́n kan wà nínú ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun. Tí o bá rọra ń tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Tó bá dé ibì kan báyìí, irin yẹn á fò lẹ́ẹ̀kan náà láti apá kan sí apá kejì. "Kà!" Ìró tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Bí ìka rẹ yá, bí ìka rẹ lọ́ra, bákan náà ni irin yẹn máa ń fò. Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì ẹ̀rọ ńlá kì í fi ṣe iyèméjì. Ó tẹ̀ tàbí kò tẹ̀. Kò sí "bóyá".

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ McGall ló ṣe é ní 1932, ní ìlú Freeport, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ bátìrì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1937 wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún súwíìṣì náà nìkan, wọ́n pè é ní MICRO SWITCH. Honeywell rà á ní 1950. Ẹ wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Ní 1932, kò tíì sí géèmù fídíò kankan láyé. Ohun tí àwa fi ń ja Tekken ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe Tekken.

Ní 1972, Atari gbé Pong jáde. Ní 1978, Taito gbé Space Invaders jáde ní Jàpáánì. Ní 1980, Namco gbé Pac-Man jáde. Ẹ̀rọ ńlá tó ga bí kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo wọn. O máa ju owó wẹ́wẹ́ sí i nínú kí o tó ṣeré, ibi tí wọ́n sì tò wọ́n sí ni wọ́n ń pè ní arcade.

Ẹ jẹ́ ká ro ti ẹni tó ni ẹ̀rọ yẹn wò. Àjèjì ló ń fi í ṣeré láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó ń pàdánù kì í fọwọ́ rọra tẹ nǹkan, ṣebí ẹ mọ̀. Tí bọ́tìnnì kan bá kú ní aago méjì ọ̀sán, owó ti dúró nìyẹn títí wọ́n á fi tún un ṣe. Nítorí náà, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ arcade gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bọ́tìnnì MÁA kú. Wọ́n wá ṣe é lọ́nà tí pípààrọ̀ rẹ̀ kò fi ní gba àkókò.

Ní àtètèkọ́ṣe, irin pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọra ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀kan á lọ fara kan èkejì. Tó bá dọ̀tí, wọ́n á ki bébà líle sáàárín wọn, wọ́n á fi nù ún. Tó bá ti jìnnà jù, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ni microswitch wá gba ipò yẹn lọ́wọ́ wọn nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Jọ́ìsítíìkì náà ńkọ́? Igi kan ló dúró láàárín, microswitch mẹ́rin yí i ká: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Tí o bá ti igi náà sí òkè, á lọ tẹ súwíìṣì kan. Tí o bá tì í sí igun, á tẹ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rin péré ni wọ́n, ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n ń fúnni. Nígbà tí Capcom gbé Street Fighter II jáde ní 1991, jọ́ìsítíìkì ọlọ́nà mẹ́jọ yẹn àti bọ́tìnnì mẹ́fà ni wọ́n gbé síwájú ẹni kọ̀ọ̀kan.

Tí ọ̀kan nínú súwíìṣì yẹn bá kú, o máa ṣí ẹ̀yìn pákó, o máa fa wáyà méjì yọ (wọ́n kàn fi há a ni, kò sí lẹ́ẹ̀dì níbẹ̀), o máa yọ òkú, o máa fi tuntun sí i. Ẹ̀rọ náà tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó kéré jù ló ń kú kí ohun ńlá má bàa kú.

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. A ó padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni géèmù wọ inú ilé. Ní oṣù keje 1983, Nintendo gbé Famicom jáde ní Jàpáánì. Lábẹ́ bọ́tìnnì páàdì rẹ̀, kò sí microswitch. Rọ́bà rírọ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀, tó ní ojú dúdú kékeré tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì, ojú dúdú yẹn á lọ kan bọ́ọ̀dù, á so ọ̀nà iná pọ̀. Ó rọ̀ lọ́wọ́, kò pariwo, kò wọ́n láti ṣe. Fún ọmọ tó ń ṣeré ní pálọ̀ bàbá rẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́ àṣetiléwá, kò sí wàhálà rárá.

PlayStation dé ní oṣù kejìlá 1994. PS2 dé ní oṣù kẹta 2000, ó sì tà ju mílíọ̀nù 155 lọ káàkiri àgbáyé. Rọ́bà ṣì ni lábẹ́ bọ́tìnnì. Nínú páàdì PS2 gan-an, orí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rí bíi náílọ́ọ̀nù ni rọ́bà yẹn ti ń tẹ̀.

Ibí ni ìtàn tiwa ti yà lọ́nà.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀rọ méjì ló wà fún iṣẹ́ méjì: ẹ̀rọ ńlá fún ìta, páàdì fún ilé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ta ló fẹ́ ra ẹ̀rọ ńlá fún ìlú bíi Elegbeka? Ta ló ní iná tó máa gbé e? Ẹ̀rọ inú ilé la gbé lọ síta. A gbé e ka orí tábìlì, a gba owó lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, a pè é ní ilé géèmù. Sega ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà PS1, lẹ́yìn náà PS2 àti Winning Eleven. Ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ ọ́n, ẹ bi wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: arcade ni ilé géèmù. Owó ni kí o tó ṣeré, àjèjì ló ń tẹ̀ ẹ́, àárọ̀ di alẹ́, ìdúró kan dọ́gba pẹ̀lú owó tó sọnù. Arcade ni lóòótọ́, àmọ́ páàdì pálọ̀ ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìta, ẹ̀yà ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àwọn tó ń ṣe microswitch sábà máa ń sọ pé òmíràn lè tẹ̀ tó ìgbà mílíọ̀nù 10. Ó pọ̀, àbí? Ká sọ pé ọmọ ń tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún wákàtí 8 lóòjọ́. Ìgbà 28,800 nìyẹn. Mílíọ̀nù 10 á tán ní nǹkan bí ọjọ́ 347. Ọdún kan kò pé! Microswitch náà nìyẹn o. Kí wá ni ti rọ́bà?

Bí bọ̀ọ̀dá mi ṣe di onísẹ́ páàdì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Tí ojú dúdú rọ́bà bá ti jẹ, wọ́n á wá rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tó ti kú, wọ́n á gé ojú dúdú tirẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti páàdì. Tí kò bá sí rìmóòtù, wọ́n á gé bébà fàdákà inú páálí sìgá. Mo ti rí i tí wọ́n fi pẹ́ńsù kun ojú rọ́bà kó lè dúdú padà, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló ní ìdí: kábọ́ọ̀nù ló wà nínú pẹ́ńsù, kábọ́ọ̀nù ló wà lójú rọ́bà.

Èyí tó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe.

Ó di 2020. Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, mo wá sílé. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú padà, àwọn ọmọ ya bo ilé géèmù bí ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n. Páàdì ń kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn agbébọn pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n lójú ọ̀nà níbí, ní Elegbeka, nígbà tí wọ́n ń ti Àkúrẹ́ bọ̀.

Mi ò ní fi ìyẹn ṣe kọ́ńtẹ́ǹtì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ọ̀nà tó pa ọba, ìyá wo ló máa jẹ́ kí ọmọ òun gbà á nítorí páàdì? Ìyá wa sọ fún bọ̀ọ̀dá mi ní tààrà: "Tí rọ́bà bá jẹ, kí ó jẹ. Ìwọ ò lọ sí Ọ̀wọ̀." Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nínú páàdì mẹ́fà, ó ku ẹyọ méjì tó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ńṣì kan dá dúró lófo. Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn máa tà á, àwọn máa lọ sí Èkó. Ọdún tó kàn ni mo yẹ kí n san owó ilé ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, àmọ́ gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Èmi, tí mo lè fi dátà sùn sórí YouTube, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò àwọn tó ń ṣe àpótí jọ́ìsítíìkì fúnra wọn. Mo gbé fóònù lọ bá bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i pé wọn ò jó súwíìṣì yẹn mọ́ ọn? Wọ́n kàn há a ni." Ohun tí mo ti wò fún ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò rí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n rí i.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Káfíńtà àdúgbò fi pákó kan àpótí, ó lu ihò mẹ́jọ fún bọ́tìnnì, ihò kan fún igi jọ́ìsítíìkì. A ra ìyẹn àti bọ́tìnnì lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Èkó, wọ́n fi í ránṣẹ́ ní wébìlì. Bọ̀ọ̀dá mi tú páàdì olówó pọ́ọ́kú kan, irú èyí tí wọ́n ṣe bíi ti PS1, torí bọ́ọ̀dù tirẹ̀ rọrùn láti jó wáyà mọ́ ju ti PS2 lọ. PS2 sì máa ń gba páàdì bẹ́ẹ̀ fún Tekken 5. Wáyà kan láti ojú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù lọ sí súwíìṣì rẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo tó para pọ̀ fún gbogbo wọn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tó bá kú lókè, híhá àti fífà ni.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an! Oṣù méjì ló pé. Lẹ́yìn náà, ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọkùnrin òun kò lè fò síwájú mọ́. Ó ń fò lójú kan, ó ń rìn síwájú, ṣùgbọ́n tó bá ti igi sí igun, kò fò síwájú. Àbí ẹ ti mọ ohun tó ṣe é? Súwíìṣì ọ̀tún ti ń rẹ̀ ẹ́: tó bá dá wà, ó ń tẹ̀ délẹ̀, tó bá di igun, tí igi pín agbára sí méjì, kò tẹ̀ mọ́. Àwọn súwíìṣì tó bá a wá láti Èkó kò lágbára. Bọ́tìnnì mẹ́ta náà tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Báyìí la ṣe dé ibi tí a ti ń YAN súwíìṣì. Ibí ni ẹ̀kọ́ wà, ẹ fọkàn sí i.

Bọ̀ọ̀dá mi bá ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń tún fíríìjì àti máíkíròwéèfù ṣe sọ̀rọ̀. Ó ní súwíìṣì bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn máíkíròwéèfù, ó sábà máa ń tó mẹ́ta. Ó kó èyí tó ti tú sílẹ̀ fún wọn, wọ́n wọlé géérégé. (Ẹ dúró ná: ẹ má ṣe lọ tú máíkíròwéèfù fúnra yín o! Kápásítọ̀ inú rẹ̀ lè pa ènìyàn kódà tó bá ti kúrò lára iná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló tú u.)

Ẹ̀kọ́ kìíní: ìwọ̀n. Gígùn irú súwíìṣì yìí jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 28, ihò méjì ara rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mìlímítà 22 jìnnà síra. Ti ẹ̀rọ ńlá arcade, ti ilẹ̀kùn máíkíròwéèfù, ìwọ̀n kan náà. Èyí tó wà nínú máòsì kọ̀ǹpútà kéré sí i, kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹsẹ̀ rẹ̀. Microswitch sábà máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kọ COM sí ara ọ̀kan, NO sí ara ìkejì, NC sí ara ìkẹta. COM ni ẹnu ọ̀nà. NO kò sopọ̀ àfi tí o bá tẹ̀ ẹ́. NC ti sopọ̀ tẹ́lẹ̀, tí o bá tẹ̀ ẹ́ ló máa já. Géèmù fẹ́ COM àti NO.

Báwo la ṣe mọ̀? Ọ̀kan nínú ti máíkíròwéèfù ní ẹsẹ̀ méjì péré, COM àti NC. A ò wò ó, a fi sí i. Bí a ṣe tan PS2, ọkùnrin inú Tekken bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpá fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ kan sá jáde. Ó ní wọ́n ti fi nǹkan sínú àpótí yẹn. Ó gbà wá ní ọjọ́ méjì kí àwọn ìyá tó jẹ́ kí ọmọ wọn padà wá. 😂

Ẹ̀kọ́ kẹta: bó ṣe le tó. Ti máíkíròwéèfù ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ ń ráhùn pé ìka ń dùn wọ́n. Gíráàmù ni wọ́n fi ń ka agbára tó máa tẹ súwíìṣì. A ò ní òṣùwọ̀n. Bọ̀ọ̀dá mi bá wọ ilé ìdáná ìyá wa, wọ́n kó Maggi. Gíráàmù 4 ni wọ́n kọ pé kúùbù kan jẹ́. Wọ́n gbé ìdérí agolo mílíìkì lé súwíìṣì lórí, wọ́n ń to Maggi sí i níkọ̀ọ̀kan títí ó fi ṣe "kà".

Ti Èkó gba kúùbù 15, gíráàmù 60 nìyẹn. Ti máíkíròwéèfù gba 40, gíráàmù 160. Ìyá wa bá wa níbẹ̀ níbi tí a ti ń ka Maggi. Wọ́n wò wá, wọ́n wo súwíìṣì, wọ́n ní, "Ṣé ẹ máa dá a padà sínú páálí ẹ̀?" A dá a padà.

Kì í ṣe pé rírọ̀ ló dáa ní gbogbo ìgbà o. Bọ́tìnnì tí o ń tẹ̀ lemọ́lemọ́ ló fẹ́ súwíìṣì rírọ̀. Ti jọ́ìsítíìkì lè le díẹ̀, torí igi gígùn ló ń bá ọwọ́ rẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá rọ̀ jù, ọkùnrin rẹ á máa fò nígbà tí ìwọ kò sọ pé kó fò.

Ẹ̀kọ́ kẹrin, èyí ló jọ mí lójú jù: iná tí wọ́n ṣe é fún. Wọ́n kọ 16A sí ara ti máíkíròwéèfù. Iná ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Iná tó ń gba inú páàdì kéré gan-an. A rò pé èyí tó lágbára fún iná ńlá á dáa jù fún kékeré. Rárá. Irin inú súwíìṣì iná ńlá máa ń dọ̀tí díẹ̀díẹ̀ lójú, iná ńlá fúnra rẹ̀ ló sì máa ń jó ìdọ̀tí náà dànù. Iná kékeré kò lágbára yẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, súwíìṣì máíkíròwéèfù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì bíi rọ́bà. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná kékeré ni kẹ́ ẹ wá. Àwọn kan tiẹ̀ ní wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú irin wọn kó má bàa dọ̀tí.

Nígbà tí a mọ gbogbo ìyẹn tán, a ò béèrè "èwo ló wọ́n jù" mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Èkó. A béèrè ìwọ̀n, ẹsẹ̀, gíráàmù, iná. Ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ̀rọ wo lẹ ń ṣe gan-an?" Ogún ẹyọ la rà. Gbogbo rẹ̀ wọ inú báàgì kékeré kan, ọkọ̀ kan gbé e wá pẹ̀lú ẹrù àwọn ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni nínú wa tó gba ọ̀nà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀: ẹ pa iná. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò wáyà kẹ́ ẹ tó fà á. Ẹ pààrọ̀ ọ̀kan kẹ́ ẹ tó yọ èkejì, kí wáyà má bàa dàpọ̀. Kẹ́ ẹ tó dé àpótí, ẹ so súwíìṣì tuntun mọ́ bátìrì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó tàn, tí ẹ bá fi sílẹ̀, ó yẹ kó kú. Tó bá jẹ́ òdì kejì, NC lẹ fi sí i. Ọmọ kan máa sá jáde.

Mo padà sí gbólóhùn ìṣáájú: ohun tó kéré jù ló ń kú kí ohun ńlá má bàa kú. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ arcade mọ èyí ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí géèmù di ti inú ilé, wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí ilé kò nílò rẹ̀. Ó di yàrá kan ní Elegbeka, ọ̀nà ti dí, owó ò sí, bọ̀ọ̀dá mi tún dá a padà. Wọn ò ka ìwé kankan. Ìṣòro kan náà ló gbé wọn dé ibi kan náà.

Tí ẹ bá ka ìtàn géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Amẹ́ríkà àti Jàpáánì lẹ máa rí, ẹni tó ṣe é àti ọdún tó tà á. Tiwa kò sí níbẹ̀, torí àwa kọ́ la ṣe é. Àmọ́ ẹni tó ń tún nǹkan ṣe náà wà nínú ìtàn nǹkan yẹn. Ìtàn géèmù ní ilẹ̀ yìí, ọwọ́ àwọn tó ń tú páàdì ló wà: àwọn tó ń gé rìmóòtù, tó ń fi pẹ́ńsù kun rọ́bà, tó ń ka Maggi.

Bọ̀ọ̀dá mi ò ta ilé géèmù. Wọn ò lọ sí Èkó. Mo san owó ilé ẹ̀kọ́, mo jáde. Àpótí ti di mẹ́ta báyìí. Ọmọ kan tó máa ń wá ja Tekken ló ń pààrọ̀ súwíìṣì fún wọn lónìí, ọwọ́ rẹ̀ yá ju tiwa lọ.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo dojú àpótí àkọ́kọ́ dé kí n lè ya fọ́tò inú rẹ̀ fún thread yìí. Bọ̀ọ̀dá mi ti fi máákà kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí súwíìṣì rẹ̀ kú, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, láti 2021. Ìlà lábẹ́ ìlà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí àwọn lè mọ èyí tó ń tètè kú ni.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá àkọsílẹ̀ àtijọ́. Abẹ́ àpótí ni tiwa wà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń tún páàdì ṣe ní àdúgbò yín nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, kí ni wọ́n sì ń fi tún un ṣe? Ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi máa kọ ọ́ sílẹ̀.